Ẹ̀rọ Tí Mo Yàn fún Táyà Ilé Bàbá Rẹ

Ilé Bàbá Táyé,
Òkè-Ọ̀pẹ, ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀,
Oṣù Kẹta, 1982.

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúwakẹ́mi ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ó ń jẹun kánú, àbí búrẹ́dì náà ló ṣì ń jẹ lọ́sàn-án? Ọmọ́ṣaléwá, ìyá mi kékeré ńkọ́? Sọ fún un pé màmá àgbà ń kí i. Mo mọ̀ pé Píjìn ni yóò fi dáhùn, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá ti mọ ẹni tó ń kí òun, èdè tó bá wù ú ni kó fi jẹ́ ẹ. Ọlọ́run tó mú ọ dé Bìní, tó fún ọ níṣẹ́ báǹkì, tó fún ọ nílé ní Ugbor níbi tí ẹ ti ń fi irin sójú fèrèsé bí ẹni pé fèrèsé ló fẹ́ sá lọ, Ọlọ́run náà kò níí jẹ́ kí o rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.

Èmi Comfort ìyá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Bàbá yín ní kí n pe Tíṣà àgbà Akínwùmí kó bá wa kọ ọ́, mo ní rárá. Tíṣà Akínwùmí a máa gé ọ̀rọ̀ ẹni kúrú. Bí o bá fi ẹnu sọ odindi aṣọ fún un, àkísà ni yóò kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí mo lọ nígbà tí mo lóyún rẹ, tí mo ń gbé ikùn lọ tí mo ń gbé síléètì lọ, òní ló wúlò.

Ilé dára. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, èyí tó funfun ṣì ń jẹ iṣu oníṣu, àwọn tó ni iṣu sì ń wá bá mi wí bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ṣọlápé ọmọ àbúrò mi ti kó ọmọ rẹ̀ jáde, ọmọ náà gbóná lójú bí ẹni tó ti wá sáyé rí. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ó ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná. N kò níí tìtorí páànù kan dà ọ́ láàmú, ohun tí mo fẹ́ béèrè ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló kàn. O ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí n sọ èwo nínú ẹ̀rọ méjèèjì tí ń fẹ́ táyà ni a ó mú, kí o lè san owó rẹ̀ fún Àbúdù, kí o sì dá ìkejì padà fún un kí o tó wá gbé bàbá yín. Mo ti yàn, Àkànní. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Olúwakẹ́mi yóò ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn rẹ, kò sì bá ọ wá ní Kérésì nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n tò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó wa, láti ọdún méjì sẹ́yìn tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá yín ti rọ, ẹsẹ̀ náà kò ṣeé ká. Ó nà gbọọrọ bí igi àjà. Nọ́ọ̀sì dìspẹ́ńsárì ní kí wọ́n máa mì í lójoojúmọ́, bàbá yín dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìrìn, wọ́n yíjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìyá wa Kẹ́hìndé fi ránṣẹ́ láti Upper Sakponba, níbi tí wọ́n wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn. O mọ̀ pé ìbejì ni àwọn àti bàbá yín. Ojú wọn kò ríran mọ́, wọn kò sì lè wọkọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Àkànní kò gùn: “Sọ fún Táyé pé èmi ni mo rán an síwájú kó lọ tọ́ ayé wò. Ó lọ, kò tíì wá jíṣẹ́ fún mi.”

Nígbà tí Àkànní jẹ́ iṣẹ́ náà tán, bàbá yín ní kí a yí àwọn kúrò lójú ògiri. Wọ́n ní Kẹ́hìndé kò purọ́, òun ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò ló ń lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká yóò ṣe jókòó nínú Píjò Àkànní láti ibí dé Bìní? Àkànní ní kí a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, kí wọ́n sùn lé e. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá yín dé ọkàn. Wọ́n ní òkú ni wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn kò níí gba àárín ọjà Ọ̀wọ̀ kọjá kí àwọn ènìyàn máa ṣí fìlà fún àwọn lójú ayé àwọn.

Ibẹ̀ ni òyìnbó kan ti bá wa tún ayé ṣe láìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe títì, tó ń gbé GRA, ń padà lọ sílùú wọn, ó sì ta ilé onítáyà rẹ̀ fún ọkọ rẹ. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé gidi ni, ó ní ìlẹ̀kùn, ó ní fèrèsé pẹ̀lú kọ́tíìnì, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní àwo tí à ń fọwọ́ nínú rẹ̀, táyà méjì wá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ọjọ́ tí Àkànní fà á wọ Òkè-Ọ̀pẹ, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá yín ní kí a gbé àwọn wọ inú rẹ̀, wọ́n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wá ní bí ènìyàn bá sùn nínú ilé ara rẹ̀, tí ilé náà bá wá ń rìn, ta ni yóò sọ pé wọ́n gbé e? Wọ́n ní ilé ló ń rìnrìn àjò, àwọn kàn wà nílé ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọgbọ́n lẹ́nu ọkọ mi, n kò gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi tó yẹn rí. Láti ọjọ́ náà, wọn kò padà wọ ilé ńlá mọ́, inú ilé onítáyà ni wọ́n ń sùn lábẹ́ igi ọdán.

Táyà ló kù tó fẹ́ dójú tì wá. Ó kéré bíi ti báárò, ó sì ti darúgbó. Àkànní fún un ní atẹ́gùn ní Bìní, kí wọ́n tó dé Ọ̀wọ̀ ó ti ń rọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ilé ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fọ́kánáísà wò ó, ó tì í bọnú omi, ó ní kò lu, ogbó ló ń ṣe é, ó kàn ń mí síta ni. Irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà Bìní, Àbúdù ti ránṣẹ́ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìgbà tí Èkó yóò dáhùn, ta ló sì mọ ìgbà tí ìyá wa Kẹ́hìndé yóò ní àwọn ti dúró tó? Bí ilé bá wá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ mi nínú rẹ̀ níbi tí kò sí fọ́kánáísà, ìtìjú tí a sá fún nínú pikọ́ọ̀pù yóò wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyẹn tí Àkànní fi ní a gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà, èyí tí a lè gbé dání, tí yóò máa bá wa lọ bí oúnjẹ ọ̀nà. Ó wá mú mi lọ sí Bìní kí èmi náà lè fojú sí i.

Ìyàwó wa, o wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, o kò mọ bí a ṣe ṣe é. Ọkọ rẹ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àbúdù ní Upper Sakponba. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Irin kún ibẹ̀ dé òkè àjà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi láàárín irin, epo dúdú sì gba gbogbo àyà bùbá rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó ń bá àwọn ọmọ Bìní sọ Bìní, ó ń bá àwọn dírẹ́bà sọ Píjìn, ó wá yíjú sí mi ó ń kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé bọ̀ láàárọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ méjì síta. Ọ̀kan kéré, ó pupa, inú ọkọ̀ ló ti ń gba iná jẹ. Ìkejì ní ẹ́ńjìnnì lórí àti àgbá nísàlẹ̀, pẹtiróòlù ni oúnjẹ tirẹ̀. Àkànní àti Àbúdù wá fi gẹ̀ẹ́sì bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ọmọ mi tó ń ka owó gbogbo Bìní ní báǹkì kò lè mú ọ̀kan. Ó gbé ti pupa, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé ìkejì. Àbúdù ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, kó kó méjèèjì lọ, kí a lọ lò wọ́n wò nílé, kó san owó èyí tí a bá mú. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ pé ibo ni wọ́n ti ń mú ìyàwó méjì wálé kí wọ́n lè yan ọ̀kan.

A ti fẹ́ jáde tí mo fi ní kí Àbúdù fún mi ní èènì. Àkànní, má bínú bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ, ṣùgbọ́n o di ojú rẹ. O sọ ọ́ sí mi létí pé ẹ̀rọ kọ́ ni gàrí, pé wọn kì í béèrè èènì nírú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti ń ta gàrí kí wọ́n tó bí ọ, mo sì mọ̀ pé ọjà tí kò ní èènì kì í mọ́ oníbàárà lára. Àbúdù rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá òun nájà bí ìyá òun ṣe ń nájà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ kan jáde lábẹ́ pẹpẹ, eruku bò ó, alántakùn ti kọ́lé sí i, ó ní Mama, èènì yín nìyí. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, o ní kí la fẹ́ fi ìṣeré ọmọdé yẹn ṣe. Mo fi í sáàárín ẹsẹ̀ mi láti Bìní dé ilé.

Nílé, mo ṣe ìwádìí ẹ̀rọ méjèèjì bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ìyàwó, nítorí ìyàwó tí a bá lóde ijó, ìran ni yóò wò lọ. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó pupa. Tíṣà Akínwùmí gbé ọkọ̀ Fọ́lísì rẹ̀ wá, ó sì ki ẹnu ẹ̀rọ bọ ihò kan níwájú ọkọ̀. Mo bi í pé ihò kí nìyẹn. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan sìgá. Àkànní, Tíṣà Akínwùmí tó ń ka Bíbélì fún wa lọ́jọ́ ìsinmi, ihò sìgá wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó búra pé bí òun ṣe rà á nìyẹn, pé òun kò tan nǹkan kan níbẹ̀ rí. Mo gbàdúrà sí ihò náà kí n tó jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹun níbẹ̀. N kò purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà, ó níwà. Ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí obìnrin tó ń lọ ata, o lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o máa sùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi gbóná, Tíṣà ní a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sinmi. Ó sinmi, ó tún ṣe díẹ̀, ó tún sinmi. Kí táyà kan tó yó, bátìrì Fọ́lísì ti kú, gbogbo wa la tì í délé Tíṣà. Mo ní ìyàwó dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni yóò máa pọnmi.

Ohun kan wà lára ẹ̀rọ náà tí mo fẹ́ràn, géèjì tó ní abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà. O kọ ọ́ fún Tíṣà pé táyà gbọ́dọ̀ dé márùndínlógójì. Nígbà tí ibà mú mi, nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ara ènìyàn tó le kì í kọjá mẹ́tàdínlógójì. Mo wá rí i pé ara táyà tutù ju tiwa lọ díẹ̀, ìyẹn sì yé mi, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ fi hàn pé ogún péré ló kù, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi aṣọ òtútù bàbá yín bò ó títí di àárọ̀. Nọ́ńbà náà kò gòkè. Tíṣà ní kì í ṣe ooru ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà ibà wọ̀n ọ́n.

Èyí tó ń mu pẹtiróòlù la mú tẹ̀ lé e. Alágbára ni o. Bí Tíṣà ṣe fa okùn rẹ̀, ariwo tó ta, adìẹ gun orí òrùlé, ewúrẹ́ funfun já okùn ó sì bá iṣu oníṣu lọ. Bàbá yín ń sùn lọ́wọ́ nínú ilé onítáyà. Nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n rò pé ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń lu ògiri, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n dúró, Comfort kò tíì wọlé, kí wọ́n dúró de Comfort. Àkànní, mo jókòó sórí ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí ara wọn ti rọ, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń fiyè sí ibi tí mo wà. Omijé gba ojú mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò pé èéfín ni.

Kí n tó nu ojú tán, táyà ti yó. Ó tilẹ̀ ti yó jù, géèjì ti kọjá ogójì, mo ké pé ibà ti mú u, mo da omi tútù lé e lórí, Tíṣà náà yára tu atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀. Kí o wá wo èrò. Gírígírí ẹsẹ̀ nílé àǹjọ̀fẹ́. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà ní Òkè-Ọ̀pẹ tò sí ẹnu ọ̀nà wa, àwọn kan gbé bọ́ọ̀lù wá, bàbá kan tí kò ní táyà kan láyé wá dúró pé kí a fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí òun lójú nítorí ooru. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ wọlé bá bàbá yín, wọ́n húkọ́ títí di alẹ́. Àgbà wo ni yóò fẹ́ ìyàwó tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí bàbá ọkọ mí?

Mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ nígbà náà pé kí o mú alágbára, kí a máa lò ó lókèèrè. Ṣùgbọ́n táyà tún rọ̀, pẹtiróòlù ti tán, Tíṣà sì ti lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ wá bátìrì Fọ́lísì. Mo dúró ti táyà, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá yín yọjú ní fèrèsé. Wọ́n ní kí n gbé èènì wá.

Mo ní èènì wo. Wọ́n ní èyí tí mo gbà lọ́wọ́ Àbúdù. Wọ́n ní àwọn ti ń wò wá láti ojú fèrèsé, Tíṣà pẹ̀lú ọkọ̀, Tíṣà pẹ̀lú èéfín, ṣé bí a bá gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mo fà wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé onítáyà, lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, mo fi ẹnu rọ́bà sí ẹnu táyà, mo gbé pọ́ńpù sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì wọn. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ní kí n gbé ọ̀tún lé e. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n wò mí, mo gbé e lé e. Kò ṣe nǹkan kan. Ó wúwo lórí pọ́ńpù bí àpò èlùbọ́. Ọjọ́ kejì wọ́n tún ní kí n gbé e lé e, mo wá fi ọwọ́ mi méjèèjì di orúnkún wọn mú, mo ń bá wọn tì í mọ́lẹ̀, tí mo bá tì í, atẹ́gùn á wọ táyà, tí mo bá gbé e, á tún mí. Àwọn tó ń kọjá rò pé à ń jà. Láràárọ̀ la ń ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, wọn a sì máa sọ fún ẹsẹ̀ náà pé Kẹ́hìndé ń retí.

Ọjọ́ kan ni ewúrẹ́ funfun dé. Ó ki ẹnu bọ iṣu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, mo fi orúnkún sílẹ̀, mo sáré lé e, mo sọ igi lù ú, mo ń bú u lọ dé ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, mo gbọ́ pé pọ́ńpù kò dákẹ́. Mo rọra yí padà. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí orúnkún bàbá yín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ̀ ẹ́. Orúnkún tó ti nà láti ọdún méjì ń ká, ó ń nà, ó ń ká. Wọn kò wò mí, táyà ni wọ́n tẹjú mọ́. Mo ti fẹ́ ọkọ mi láti ìgbà tí orúnkún wọn ti lágbára lóko, n kò rí ọjọ́ tí mo yangàn nítorí wọn bíi ti ọjọ́ náà.

Mo ti wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé bí táyà bá ti ń le, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń le. Atẹ́gùn inú táyà ló ń gba inú rọ́bà padà wá sínú eegun. Tíṣà ní kò rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wá, ó ní ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀sì, ẹnu lo fi gbà wá nímọ̀ràn, Àbúdù fi irin gbà wá. Nítorí náà mo ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ rọ́bà lẹ́nu táyà wàràwàrà, kó má baà fa ẹsẹ̀ yọ.

Èyí tí mo yàn nìyẹn, Àkànní, pọ́ńpù èènì. Mo ti kó ẹ̀rọ méjèèjì fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí bọ̀, dá wọn padà fún Àbúdù, kí o kí i kí o dúpẹ́, wọn kò ṣe wá níbi, wọ́n kàn jẹ́ ìyàwó ẹlòmíràn ni. A kì í dá abọ́ padà lófìfo, mo ti di iṣu pupa àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tí yóò bá wọn lọ. Mo tún ní kí Tíṣà fi atẹ́gùn Òkè-Ọ̀pẹ kún àgbá èyí tó ní ẹ́ńjìnnì, ó mọ́ ju ti Bìní lọ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kí Àbúdù tó gbà á. Kí o sì bi í iye tó fẹ́ gbà lórí pọ́ńpù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò níí gbà, èènì kì í ní owó.

Owó tí mo fẹ́ béèrè wá rèé. Kì í ṣe ti páànù. Bàtà ni. Láti ọdún méjì, bàtà òsì nìkan ni bàbá yín ń wọ̀, ọ̀tún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ti jẹ ẹ́ tán. Fi owó bàtà ránṣẹ́, tàbí kí o rà á ní Bìní kí o mú un bọ̀, kó jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, kó dúdú, kó má yọ̀. Wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń di èjìká mi mú lọ wo táyà kejì, wọ́n sì ń padà. Orúnkún ti ká dé ibi tí wọ́n fi ní àwọn kò níí sùn nínú ilé onítáyà mọ́ lọ́jọ́ ìrìn àjò. Iwájú Píjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni wọ́n ní àwọn yóò jókòó. Mo ní kí la wá fẹ́ fa ilé lọ ṣe. Wọ́n ní Comfort ni yóò sùn nínú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ fún wa. Ọ̀nà tí o fi gba ilé onítáyà wá bá wa yóò là fún ọ títí. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn yóò dúró, kò níí mí síta. Ìwọ àti Olúwakẹ́mi yóò gbó, ẹ ó sì ní ẹni tí yóò ní kí wọ́n dúró dè yín. Ọmọ́ṣaléwá yóò dàgbà lójú yín, yóò sì fi Yorùbá kí mi lọ́jọ́ kan kí n tó kú. Àmín.

Mo ti fẹ́ di lẹ́tà pa, bàbá yín ní kí n tún ṣí i. Wọ́n ní kí o lọ sí Upper Sakponba lọ sọ fún ìyá wa Kẹ́hìndé pé ẹni tí wọ́n rán ń bọ̀ wá jíṣẹ́, kí wọ́n má ti ìlẹ̀kùn. Mo bi wọ́n pé kí ni kí o sọ pé ayé rí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn tẹ pọ́ńpù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ayé dára. Ṣùgbọ́n má sọ ìyẹn fún ìyá wa o, Àkànní. Bàbá yín ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé lọ sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Comfort Bọ́lánlé.